"Ìwé" kọ́ ló wà nínú kọ̀ǹpútà ṣẹ́ẹ̀sì: ìdí tí mo fi mú "àfisínú" wá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, mo kí yín o. Ẹ kú làálàá èdè.

Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró: ẹ̀gbọ́n wa kan ń ṣe àlàyé ṣẹ́ẹ̀sì ní Yorùbá fún àwọn ọmọdé, ó wá béèrè orúkọ tí a ó máa pe àkójọ ìrìn ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n máa ń kó sínú kọ̀ǹpútà kó tó bá ọ̀gá ayò jókòó. Ìwé ni Òyìnbó ń pè é, ẹ̀gbọ́n sì dábàá "ìwé ìṣíde". Bàbá wa kan ní "odù ìṣíde" ló bá ẹnu Yorùbá mu jù. Ẹnìkẹta ta ko àwọn méjèèjì. Ó ní "àdàkọ" ni nǹkan náà, pé ẹ̀rọ tó ń wo ìwé nígbà tí ọmọ èèyàn ń fi orí ara rẹ̀ ta ayò ń rẹ́ni jẹ ni, kí a má fi orúkọ dáadáa bò ó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti fẹjú: ṣé kọ̀ǹpútà mọ ohun tó ń ta ni, àbí ńṣe ló kàn ń kà á jáde?

Mi ò gba ìkankan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú tèmi, "ìwé" gan-an ló bí ìjà tó kù. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká wo ilé náà dáadáa.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1997, ní ilé gogoro Equitable Center ní New York, Garry Kasparov, tí gbogbo ayé gbà ní ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì nígbà náà, jókòó fún ayò kẹfà, tó tún jẹ́ àṣekágbá, pẹ̀lú Deep Blue, ẹ̀rọ tí IBM kọ́. Kálukú wọn ti ní àmì 2½. Ọmọ funfun ni ti ẹ̀rọ. Kasparov mú ìṣíde tí wọ́n ń pè ní Caro-Kann, ọ̀nà tí àìmọye ọ̀gá ti tọ̀ rí. Ọmọ-ogun funfun dé ilé e4 (lẹ́tà àti nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dárúkọ ilé kọ̀ọ̀kan lórí pátákó), ti dúdú dé c6. Funfun d4, dúdú d5. Ẹṣin funfun jáde sí c3. Dúdú jẹ ọmọ-ogun tó wà ní e4, ẹṣin sì jẹ èyí tó jẹ ẹ́. Ẹṣin dúdú kan bọ́ sí d7, ẹṣin funfun fò sí g5, ẹṣin dúdú kejì bọ́ sí f6, bíṣọ́ọ̀bù funfun jáde sí d3, dúdú ti ọmọ-ogun sí e6, ẹṣin funfun kejì jáde sí f3. Títí dé ibí yìí, kò sí èyí tó dá nǹkan tuntun kan sílẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Ìrìn keje dúdú ló kù. Ohun tí àwọn ọ̀gá máa ń ṣe níbẹ̀ ni pé wọ́n á kọ́kọ́ gbé bíṣọ́ọ̀bù sí d6. Kasparov kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ-ogun tó wà létí ló tì sí h6, láti lé ẹṣin tó wà ní g5. Èrò tirẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kò ní yááfì odindi ẹṣin láìrí èrè tó ṣeé kà lójú ẹsẹ̀; ẹṣin á padà sẹ́yìn, ewu á sì fò ó ru. Ẹṣin kò padà. Ó bẹ́ sí e6, ó jẹ ọmọ-ogun tó wà níbẹ̀, ó sì dúró kí wọ́n wá pa òun. Nígbà tí Kasparov pa á, bíṣọ́ọ̀bù funfun balẹ̀ sí g6, ó kọjú sí ọba tààrà, ọba fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí d8, àǹfààní àtisá sínú odi, ìyẹn ìrìn tí wọ́n fi ń gbé ọba pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ayaba dúdú alára wà ní e7, ó dínà mọ́ bíṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn 19 ti funfun, Kasparov jọ̀wọ́ ayò. 3½ sí 2½. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ̀rọ yóò gba odindi ìdíje ayò gígùn, tí kì í ṣe ayò kíákíá, lọ́wọ́ ọ̀gá àgbáyé tó wà lórí oyè.

Ta ló wá ta ìrìn kẹjọ, ìgbà tí ẹṣin bẹ́ sí e6?

Ọwọ́ tó gbé ẹṣin kì í ṣe ti ẹ̀rọ, nítorí Deep Blue kò lọ́wọ́. Àwọn tó kọ́ ọ, Feng-hsiung Hsu, Murray Campbell àti Joe Hoane, ló ń gbapò fún ara wọn níwájú Kasparov, tí wọ́n ń bá a sún ọmọ. Ìyẹn kò da ẹnikẹ́ni láàmú, iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni. Ohun tó jinlẹ̀ ni pé orí ẹ̀rọ kọ́ ló ti wá. Deep Blue lè yẹ ipò ayò bíi mílíọ̀nù 200 wò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n kò yẹ ìkankan wò kó tó pinnu ìrìn yẹn. Miguel Illescas, ọ̀gá ayò ará Sípéènì tó wà lára àwọn tí IBM gbà láti tọ́ ẹ̀rọ náà sọ́nà, sọ ọ́ lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn náà pé òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn fi ìrìn náà sí i: bí Kasparov bá ti ọmọ-ogun sí h6, kí ẹ̀rọ jẹ e6, kó má ronú sí i.

Àárọ̀ ni wọ́n fi sí i, ọ̀sán ọjọ́ kan náà ló wúlò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di èyí mú, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo àròyé mi dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ẹni tó mú "àdàkọ" wá lóhùn, torí òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbóná jù. Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín. Ó dunni kí èèyàn fi gbogbo ìgbà èwe kọ́ nǹkan, kí ẹ̀rọ wá fi òwúrọ̀ kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń da nǹkan kọ, iṣẹ́ ẹlòmíràn wà níwájú rẹ̀, ó ń wò ó, ó ń kọ ọ́ bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ìrìn mẹ́fà àkọ́kọ́ tí Kasparov alára tà lọ́jọ́ yẹn, kò sí èyí tó jẹ́ ìdásílẹ̀ rẹ̀. Ó kọ́ wọn ni, bí gbogbo ọ̀gá ayò ṣe ń kọ́ wọn. Òun náà ní àwọn olùrànlọ́wọ́ tó ń bá a múra sílẹ̀ kí ayò tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí Illescas ṣe fún ẹ̀rọ, irú ẹ̀ ni àwọn yẹn ń ṣe fún ọ̀gá wọn. Bí a bá pe ti ẹ̀rọ ní àdàkọ, a ó pe ti Kasparov ní àdàkọ, a ó sì pe ti gbogbo ọmọ tó kọ́ Caro-Kann lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà á wá di aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ tí gbogbo ayé lè wọ̀, kò ní bá ẹnì kan mu mọ́.

Ẹ̀sùn ìrẹ́jẹ wà nínú ìdíje 1997, mi ò sẹ́. Àmọ́ ibòmíràn ni Kasparov nà án sí. Lẹ́yìn ayò kejì, èyí tó jọ̀wọ́ rẹ̀ kí àwọn mìíràn tó wá fi hàn pé ó ṣeé ṣe kó rí ọ̀mì gbà níbẹ̀, ó fura pé èèyàn dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nígbà tí ayò ń lọ lọ́wọ́. IBM ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ká dá sí i nígbà tí ayò ń lọ nìyẹn. Ohun tí wọ́n fi sínú ẹ̀rọ kí ayò tó bẹ̀rẹ̀, òfin ìdíje náà gbà á láàyè: wọ́n lè tún ẹ̀rọ ṣe láàárín ayò kan sí èkejì. Bí ọ̀rọ̀ tí a bá dá kò bá lè ya "ṣáájú" kúrò lára "nígbà tó ń lọ", kò wúlò fún wa.

Ibí gan-an ni "ìwé" ti ń ṣì wá lọ́nà. Òfin FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, kà á léèwọ̀ fún ẹni tó ń ta ayò kó wo àkọsílẹ̀ kankan tàbí kó gba ìmọ̀ràn nígbà tí ayò ń lọ. Tí Yorùbá bá wá gbọ́ pé "ìwé" ló wà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, ojú ẹsẹ̀ ni yóò rí ọmọ ilé-ìwé tó fi bébà pamọ́ sábẹ́ tábìlì ìdánwò. Ẹjọ́ ti dá kó tó dé kóòtù. Ẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà ló dá ẹjọ́, kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, oríṣi nǹkan méjì ló wà nínú Deep Blue, "ìwé" sì pa wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn. Èkínní kéré: ipò ayò bíi 4,000 tí àwọn ọ̀gá bíi Joel Benjamin àti Illescas fi ọwọ́ yàn, tí wọ́n fi ìrìn tó yẹ sí lára. Ìyẹn ń pàṣẹ; tí ayò bá dé ibẹ̀, ìrìn ti wà nílẹ̀. Èkejì gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì: wọ́n kó ayò 700,000 tí àwọn ọ̀gá ti ta rí jọ, wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀rọ máa wò ó pé nínú ipò báyìí, mélòó nínú àwọn ọ̀gá ló ta ìrìn yìí, báwo ni agbára wọn ṣe tó, báwo ló ṣe yọrí sí fún wọn. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ á fi èyí kún ìṣirò tirẹ̀. Èkejì yìí kì í pàṣẹ, ìmọ̀ràn ló ń mú wá. Ẹni tó bá pe àwọn méjèèjì ní ìwé ìṣíde ti fi aṣẹ àti àmọ̀ràn sínú àpò kan.

Ó ku "odù". Bàbá, mo wólẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tí ẹ rí: ẹ rí i pé nínú àṣà wa, ibi tí ìmọ̀ rẹpẹtẹ ti wà lórí láìsí ìwé, ọ̀dọ̀ àwọn babaláwo ni, ẹ sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tuntun yìí ti ibẹ̀ wá. Ìdí méjì ni mi ò ṣe bá yín lọ. Ikin tàbí ọ̀pẹ̀lẹ̀ ló ń mú odù jáde, kì í ṣe alátakò tó jókòó síwájú ẹni. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ohun tí ẹnì kejì bá ṣe ló ń darí ibi tí ìṣíde máa gbà. Ìdí kejì sún mọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ: nínú ayò tiwa, ayò ọlọ́pọ́n, odù ti ní iṣẹ́ tirẹ̀, ilé tí èèyàn kó ọmọ jọ sí rẹpẹtẹ títí yóò fi lè yí ọpọ́n ká ni. Ọmọ tó bá kọ́ ayò lọ́dọ̀ bàbá bàbá rẹ̀, tó wá gbọ́ "odù" nínú ṣẹ́ẹ̀sì, yóò wá ilé tó kún kiri lórí pátákó. Ibi tí ọgbọ́n yín ti máa wúlò ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò fún ẹ̀kọ́ Ifá: há sórí. Mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ẹnìkan tún mẹ́nu kan "ìjúbà". Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń júbà ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ni. Ẹni tó ti ọmọ-ogun sí e4 ń wá ọ̀nà àtipa alátakò. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún àwọn akéwì.

Ohun tí mo mú wá rèé.

"Ipa" ni kí a máa pe ọ̀nà tí àwọn èèyàn ti tọ̀ nínú ìṣíde, tí gbogbo ẹni tó gbọ́n nínú ayò náà mọ̀. Ipa Caro-Kann, ipa Sísílì, ipa Faransé, ipa Gẹ̀ẹ́sì. Tí àwọn méjèèjì bá ń ta ohun tí ayé ti mọ̀, wọ́n ń tọ ipa. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, nítorí náà ipa kan lè pín sí mẹ́ta, sí mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ náà á ṣì gbà á: ipa ńlá, ipa kékeré, oríta ipa. Tí ẹnì kan bá sì mọ̀ọ́mọ̀ kúrò níbẹ̀, "yapa" ti wà lẹ́nu wa tipẹ́, kò sí pé a ń dá nǹkan kan. Kasparov ṣe é gan-an nínú ìdíje 1997 yẹn kan náà. Nínú ayò kẹta, òun ló ní ọmọ funfun, ọmọ-ogun tó sì kọ́kọ́ sún ni èyí tó wà níwájú ayaba, kò sún un ju ilé kan péré lọ, sí d3. Ọ̀gá tó dé ipò rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ ayò ńlá báyẹn. Ohun tó ń wá ni pé kí ẹ̀rọ tètè kúrò nínú ohun tí wọ́n fi sí i nínú, kó wá fi orí ara rẹ̀ rìn. "Kasparov yapa ní ìrìn àkọ́kọ́." Ẹ wo bí gbólóhùn yẹn ṣe yọ̀ tó lẹ́nu. Ọ̀mì ni ayò náà parí sí.

"Àhásórí" ni ohun tí èèyàn fi ara rẹ̀ kọ́ títí ó fi dúró sí i lórí: tirẹ̀ ni, ó lè gbàgbé rẹ̀, ó lè pa á pọ̀ mọ́ òmíràn, ẹ̀rù sì lè bà á débi tí yóò fi ṣi ìrìn méjì gbé ṣáájú ara wọn. Àwọn kan tiẹ̀ gbà pé ohun tó ṣe Kasparov ní ìrìn keje nìyẹn. Àlàyé tirẹ̀ yàtọ̀, mo sì ti sọ ọ́ lókè.

"Àfisínú" ni ti ẹ̀rọ. À-fi-sí-inú: ohun tí ẹlòmíràn fi sí i. Ìdá rẹ̀ kò ṣàjèjì, ó bá àfikún àti àfiwé rìn. Kò pe ẹ̀rọ ní olè, kò sì pè é ní ọ̀mọ̀wé. Ó kàn ń sọ òótọ́ òwúrọ̀ ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún: Illescas àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló mọ̀ pé ẹṣin gbọ́dọ̀ jẹ e6, Deep Blue ní in nínú. Tí ẹnikẹ́ni bá tún bi mí pé ṣé kọ̀ǹpútà "mọ" ipa Caro-Kann, ìdáhùn mi nìyẹn. Ó ní in nínú. Nígbà tí àfisínú bá tán, ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ á tó máa ta ayò tirẹ̀, tí a sì lè máa jiyàn bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Mo ti ń gbọ́ àtakò kan kí wọ́n tó sọ ọ́. "Ó fi ọ̀rọ̀ náà sínú" ni a ń sọ nípa ẹni tó di kùnrùngbùn, tàbí ẹni tó mọ nǹkan tí kò sọ. Ṣé àfisínú kò ní dún bí ọ̀rọ̀ àṣírí? Ó máa dún bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ó sì yẹ kó dún bẹ́ẹ̀, nítorí alátakò kì í rí ohun tó wà nínú ẹ̀rọ títí yóò fi jáde sórí pátákó. Ohun tí Kasparov kò rí ni ó pa á.

Àwọn tó ṣètò ìdíje Bonn ní Jámánì lọ́dún 2006 mọ èyí dájú. Vladimir Kramnik, tó wà lórí oyè àgbáyé, fẹ́ bá ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Deep Fritz ta ayò mẹ́fà. Òfin tí wọ́n ṣe ni pé níwọ̀n ìgbà tí Fritz bá ṣì ń ta ohun tó wà nínú àfisínú rẹ̀, kí Kramnik ní ojú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó máa rí gbogbo rẹ̀: àwọn ìrìn tó wà níbẹ̀ fún ipò ayò náà, iye ayò tí àwọn ọ̀gá ti ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe yọrí sí, àti èyí tí ẹ̀rọ fẹ́ràn jù. Gbàrà tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú fúnra rẹ̀, àǹfààní yẹn dópin.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ wa dán òfin yìí wò. Tó bá jẹ́ àhásórí ni, kò sí òfin tó lè sọ pé kí Kramnik máa wo inú orí alátakò rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa dá a lábàá pàápàá. Tó bá jẹ́ ìwé lásán ni, wọn ì bá ti kà á léèwọ̀ fún ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe kà á léèwọ̀ fún èèyàn. Wọ́n gbà á, wọ́n sì ní kí ó wà ní gbangba, nítorí wọ́n mọ̀ pé ohun tí a fi sí ẹ̀rọ nínú kì í ṣe èrò ẹ̀rọ. Àfisínú ló bá òfin yìí mu. Fún àwọn tó rò pé ibẹ̀ ni gbogbo agbára ẹ̀rọ wà, Fritz ló borí, 4 sí 2, bẹ́ẹ̀ sì ni Kramnik ń wo àfisínú rẹ̀ kòró-kòró. Nínú ayò kejì, ní ìrìn 34, Kramnik gbé ayaba rẹ̀ lọ sí e3, kò rí i pé ayaba funfun lè balẹ̀ sí h7 kó sì parí ayò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣíde ti kọjá lọ tipẹ́ nígbà yẹn.

Ìdánwò kejì ni AlphaZero, ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ DeepMind ti ìlú London gbé jáde ní 2017. Òfin ayò nìkan ni wọ́n fún un. Kò sí ayò 700,000, kò sí ipò 4,000, kò sí Illescas kankan ní òwúrọ̀. Ó ń bá ara rẹ̀ ta, ó ń bá ara rẹ̀ ta, títí. Nígbà tí wọ́n wá wo ohun tó ń tà, wọ́n bá a lójú ipa tí àwọn èèyàn ti ń tọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: ipa Gẹ̀ẹ́sì, ipa ayaba tí wọ́n fi ọmọ-ogun c lọ alátakò, ipa Caro-Kann alára láàárín ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ń tọ ipa láìní àfisínú. Tí a bá ti sọ ọ̀kan di èkejì, tí a pe ipa àti àfisínú ní "ìwé ìṣíde" pa pọ̀, gbólóhùn tó rọrùn yìí kò ní ṣeé sọ lédè wa. Èyí ló jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọn. Fún AlphaZero, mo lè lo "mọ̀" láìfi ọkàn méjì sí i.

Láti òdìkejì, Bobby Fischer, ọ̀gá àgbáyé àtijọ́ ará Amẹ́ríkà, fẹ́ kí ayò wà tí kò ní ipa rárá. Ní 1996, ní Buenos Aires, ó kéde ọ̀nà kan tí wọ́n ń fi kèké to àwọn ọmọ ayò tó wà ní ìlà ẹ̀yìn sí ọ̀kan nínú ipò 960 tó ṣeé ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà lè fi àhásórí borí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí kò bá sí ipa, kò sí ohun tí a ó fi sí ẹ̀rọ nínú.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn wà níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n kan máa gbé e dìde. Ẹni tó bá kọ "ipa" láìfi àmì sí i, òǹkàwé lè kà á sí ipá, agbára. Òótọ́ ni. Ìyà tí a fi ń jẹ ara wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn, kò sì bẹ̀rẹ̀ lórí ṣẹ́ẹ̀sì. Mi ò lè torí pé àwọn kan kì í fi àmì sọ́rọ̀ kí n jù ú nù, bí a kò ṣe ju ọ̀ta nù nínú ayò ọlọ́pọ́n, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ju òpè lọ, torí pé ó jọ ọ̀tá. Mo tiẹ̀ fẹ́ kí a máa pe ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì tó gba oyè àgbà ní "ọ̀ta àgbà", ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sí ọjọ́ mìíràn. "Ìṣíde" fún ìbẹ̀rẹ̀ ayò, mo gbà á bẹ́ẹ̀, kò sí wàhálà kankan níbẹ̀. Orúkọ èèyàn tó bá wà lára ipa, kí a má túmọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Láti ìgbà tí Tunde Onakoya ti fi 60 wákàtí ta ṣẹ́ẹ̀sì ní Times Square ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, kó tó dìgbà yẹn gan-an, láti 2018 tó ti dá Chess in Slums Africa, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò òtòṣì ní ṣẹ́ẹ̀sì, sílẹ̀, àwọn ọmọ Makoko àti Májídùn ń ta ayò yìí, Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ bí wọ́n bá ń ta á. Àwọn ọmọ yẹn ń fi fóònù wọn bá kọ̀ǹpútà ta. Wọ́n ń rí i tí ẹ̀rọ ń fèsì wàràwàrà ní ìrìn mẹ́jọ, mẹ́wàá àkọ́kọ́, tó wá dákẹ́ lójijì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Wọ́n nílò orúkọ fún ohun tó tán nínú rẹ̀ nígbà tó dákẹ́ yẹn. Bí a bá sọ fún wọn pé ìwé ló ń wò, a ti kọ́ wọn pé ẹ̀rọ ń jalè. Bí a bá sọ fún wọn pé àfisínú rẹ̀ ló tán, wọ́n á mọ̀ pé èèyàn bíi tiwọn ló fi í síbẹ̀, wọ́n á sì béèrè bí àwọn náà ṣe lè fi tiwọn sí i.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí a fọwọ́ sí tàbí kí a kọ̀: ìrìn tuntun tí ẹnì kan bá fi hàn lójú ipa àtijọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ta rí níbẹ̀. Yíyapa nìkan kò tó o, torí ẹni tó bá ṣìnà náà yapa. "Àrà" ni mo dábàá: "Ó dá àrà ní ìrìn kejìlá." Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù, kó mú un wá, ṣùgbọ́n kó fi sínú gbólóhùn tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè sọ níwájú pátákó láìkálòlò.